Ilé Tí Kò Tòrò Àti Egbò Tí Kò Tètè Jinná

Ẹ̀kọ́ fún tọkọtaya, àwọn òbí, àti gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ìjọ

Bíbélì kíkà: Òwe 14:30; Òwe 17:22; Éfésù 4:26–32

  Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ tó ta kókó. Ọ̀rọ̀ inú yàrá ni, ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi aṣọ funfun bò mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá dé ilé àdúrà. Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù kà á. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á sí i létí.

I. Ẹ̀RÍ TI ARA MI

Kí n tó sọ ohun tí àwọn dókítà rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi, kí ẹnikẹ́ni má ba à sọ pé Alàgbà ń bá ẹlòmíràn wí. Ní ọdún kan tí mo ń ro oko àgbàdo, àdá yọ lọ́wọ́ mi, ó sì gé mi ní ojúgun. Ọgbẹ́ náà kò tóbi. Mo fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ wé e, mo ní kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù kan kọjá, oṣù kejì wọlé, ojú egbò ṣì là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń wí. Wọ́n ní, "Egbò yìí kì í ṣe ojú lásán." Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ní kí n ṣọ́ra fún ìyá arúgbó tó wà ní agboolé wa, ìyàwó bàbá mi tó kẹ́yìn. Ìyá yìí kò ríran dáadáa mọ́, òun ló sì máa ń bu omi tútù fún mi bí mo bá ti oko dé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ omi rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe?" Mi ò lè dá a lóhùn. Mo kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wò bóyá àtọ̀gbẹ ni. Kì í ṣe òun. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà wá bi mí ní ohun tí n kò retí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń sùn lóru? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Ṣé àlàáfíà wà nílé?"

Ẹnu mi wọlé. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tí èmi àti ìyàwó mi kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ gidi. Èmi ni mo sì fà á. Ní ọjọ́ kan tí inú bí mi, mo sọ fún un pé bí kò bá lè gbé e, kó máa lọ, obìnrin kò tán nílùú. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá pẹ́ ní ìsìn, yóò rò pé ọ̀dọ̀ obìnrin ni mo wà. Bí òun náà bá pẹ́ lọ́jà, èmi yóò rò pé ó ti kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀. A ń sùn lórí ẹní kan náà, ojú àwa méjèèjì ń là kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọ̀fìnkìn àti ikọ́ kò fi òun náà sílẹ̀. Èyí kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀.

N ó padà sí ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí Ọlọ́run ti ṣe ara wa.

II. ÀWỌN ỌMỌ OGUN INÚ Ẹ̀JẸ̀

Ẹlẹ́dàá tó dá ara kò fi í sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Àwọn pupa ń gbé atẹ́gùn kiri gbogbo ara. Àwọn funfun ni ọmọ ogun. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ló ń wọ funfun! Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń wá. Àwọn kan nínú wọn ń gbé kòkòrò àrùn mì bí adìyẹ ti ń ṣa ikán jẹ. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, dà bí balógun: wọ́n ń dá ọ̀tá mọ̀, wọ́n ń pàṣẹ fún àwọn yòókù, àwọn kan lára wọn a sì máa pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn bá ti wọ̀ nínú.

Bí a bá fi ara gbọgbẹ́, àwọn funfun yìí ló máa ń sáré dé ibẹ̀. Wọ́n á pa kòkòrò, wọ́n á palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, kí ẹran tuntun tó lè hù. Ojú ọgbẹ́ tó pọ́n, tó gbóná, tó wú díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọ́n sì ní ońṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀, láti pe àwọn yòókù wá sójú ogun. Bí ońṣẹ́ kò bá dé, ogun kò ní pé jọ.

III. EJÒ TÓ WÀ LÓKO ÀTI EJÒ TÓ Ń GBÉ INÚ ILÉ

Nǹkan kékeré kan jókòó lé orí kídìnrín kọ̀ọ̀kan bí fìlà. Ibẹ̀ ni oje kan ti ń jáde tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù. Lójoojúmọ́, ó máa ń pọ̀ sí i ní ìdájí láti fi jí wa, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ lálẹ́ kí a lè sùn. Bí o bá ṣe kòńgẹ́ ejò lójú ọ̀nà oko, àyà rẹ á lù kìkì, oje yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á sun jáde, wọ́n á tú agbára sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ lè sá. Ejò á lọ, ara á rọlẹ̀. Oore Ọlọ́run ni èyí. Ìdágìrì kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ba ara jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ejò náà bá ń gbé inú ilé ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ẹ jọ ń jẹun, tí ẹ jọ ń sùn, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́ pé yóò kọ̀ ọ́, pé yóò fẹ́ ẹlòmíràn lé ọ lórí, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti àná kò tíì tán? Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàrín ejò àti irú ẹ̀rù yìí. Oje náà á máa sun lọ́sàn-án, á máa sun lóru. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú iṣẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù ni láti dá àwọn ọmọ ogun dúró, kí wọ́n má ba à fi ogun ba ìlú ara jẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, á dá wọn dúró nígbà tí a nílò wọn.

Bí ó bá tún pẹ́ títí, àwọn ọmọ ogun míì kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè ogun láàrín ọjà níbi tí ọ̀tá kò sí, nígbà tí ẹnubodè tí ọ̀tá ti ń wọlé dákẹ́ rọ́rọ́. Iná kékeré tí kì í kú yìí, bí ó bá jó nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wà lára ohun tó ń fa àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ. Ẹ tún rántí oorun. Ẹni tí kò sùn, ọmọ ogun rẹ̀ kò sinmi.

IV. OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Kí ẹ má ba à sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó wọ̀n ọ́n rí. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya onímọ̀ kan, Janice Kiecolt-Glaser àti ọkọ rẹ̀ Ronald Glaser, jọ ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1995, wọ́n mú obìnrin 13 tó ń tọ́jú ará ilé wọn tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń kú lọ nítorí ogbó, wọ́n sì mú 13 mìíràn tí kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, wọ́n gé ojú ọgbẹ́ kékeré kan sí apá kálukú. Ti àwọn olùtọ́jú aláìsàn fi nǹkan bí ọjọ́ 9 pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kó tó jinná. Ọgbẹ́ kan náà ni o! Ẹrù ọkàn ló yàtọ̀.

Ní 2005, wọ́n gbé èsì ti tọkọtaya 42 jáde. Wọ́n dá ọgbẹ́ kéékèèké tó dà bí ilé omi sí apá wọn. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́. Nígbà kejì, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọn kò fẹnu kò lé lórí. Ọgbẹ́ ti ọjọ́ àríyànjiyàn pẹ́ kó tó jinná ju ti ọjọ́ ọ̀rọ̀ tútù. Àwọn tó sì máa ń fi ìkórìíra àti ẹ̀gàn bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ọgbẹ́ àwọn yòókù bá fi 100 yára, tiwọn kò ju 60 lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjà, àwọn ońṣẹ́ ogun pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò tó níbi ọgbẹ́ tí a ti ń retí wọn. Fèrè ogun inú ọjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ní 2013, Lisa Jaremka àti àwọn ará yunifásítì yẹn kan náà yẹ tọkọtaya 85 wò.  Ohun tí wọ́n wò ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ nínú ìfẹ́: ẹni tó ń bẹ̀rù ṣáá pé a ó kọ òun sílẹ̀, tó ń fẹ́ kí a máa fi ọkàn òun balẹ̀ nígbà gbogbo. Wọ́n yẹ itọ́ ẹnu àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kọ́tísọ́ọ̀lù àwọn tí ẹ̀rù yìí pọ̀ lára wọn fi nǹkan bí ìpín 11 nínú 100 ju ti àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì T wọn sì dín ní ìpín 11 sí 22 nínú 100. Nítorí náà, kì í ṣe ariwo àti ìlukú nìkan ni ìjà. Ilé lè dákẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn máa jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn ńkọ́? Sheldon Cohen ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, kan kòkòrò ọ̀fìnkìn sí imú ènìyàn 276 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Àwọn tó ti ní wàhálà pẹ̀lú ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti àwọn tí àìríṣẹ́ṣe ti bá fínra pẹ́, ni ọ̀fìnkìn mú jù. Àwọn tí wàhálà wọn kò tíì pé oṣù kan kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìlà sí abẹ́ gbólóhùn yìí, ẹ̀yin ará. Gbogbo ilé ló ń jà, ahọ́n àti eyín ń jà. Ìjà tí a kò parí ló ń di àrùn.

V. KÍ A MÁ ṢI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ GBỌ́

Ẹ má ṣe gbé ẹ̀kọ́ yìí lọ máa bú aláìsàn pé, "Ìjà rẹ ló fà á." Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, àìsàn sì ní ọ̀pọ̀ orísun. Ẹni tó ń fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dénú lè ṣàìsàn, oníjà lè pẹ́ láyé. Egbò tí kò jinná lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ àìjẹun tó dára, ó lè jẹ́ iṣan ẹsẹ̀.

Ní ilẹ̀ Benin tiwa, ó tún lè jẹ́ àrùn tí wọ́n ń pè ní Buruli. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré tí kì í dunni, kó tó là di egbò ńlá. Ìpalára rẹ̀ pọ̀ fún àwọn ọmọdé. Oògùn rẹ̀ wà: ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń lò ó, bí a bá sì tètè lọ, kì í di ohun tí a ń gé ẹsẹ̀ sí. Ní Pobè, ní agbègbè wa níbí, wọ́n ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tó jókòó nílé tí wọ́n ń wá àjẹ́ kiri títí ẹsẹ̀ fi bàjẹ́. Àdúrà kò bá ilé ìwòsàn jà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbéra lọ.

VI. OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

Èkínní: Má ṣe fi ìkọ̀sílẹ̀ dẹ́rù ba ẹnì kejì rẹ. Ọ̀rọ̀ "máa lọ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú lásán. Ẹyin ni, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Èkejì: Ẹ tètè parí ìjà. Ìmọ̀ràn Pọ́ọ̀lù nínú Éfésù 4:26 ni pé kí ìbínú wa má kọjá wíwọ̀ oòrùn. Àwọn onímọ̀ rí ewu nínú oṣù kan; Àpọ́sítélì fún wa ní ọjọ́ kan péré. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá lè parí ẹ̀, ẹ pe àgbà kan tí kì í ṣòfófó.

Ẹ̀kẹta: Ẹ máa fi ọkàn ara yín balẹ̀ nínú ohun kéékèèké. Sọ ibi tí ò ń lọ àti ìgbà tí wàá dé. Ìwọ tí iṣẹ́ gbé lọ sí Kútọnu tàbí Èkó, má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kọjá láì ránṣẹ́ sílé. Ẹ máa dì mọ́ ara yín. Ní 2015, Cohen tún gbé èsì ti ènìyàn 404 jáde: àwọn tó ní alátìlẹyìn, tí a sì ń dì mọ́ra nígbà gbogbo, ìjà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ wọ́n di ẹran ọ̀fìnkìn.

Ẹ̀kẹrin: Ọmọ tí a ń gbé láti ilé kan sí òmíràn, tí kò mọ ẹni tó ni òun, a máa gbé ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ dàgbà. Bó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ kó mọ̀ pé ilé rẹ̀ nìyí. Bí ìyàwó rẹ bá sì jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, má fi ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìfẹ́ tó dúró déédéé lè wò ó díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ ran ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́. Àwọn Ìyá Ìjọ, bí ẹ bá gbé omi àdúrà lọ fún arúgbó, ẹ bá ọmọ rẹ̀ fọ aṣọ pẹ̀lú, kó rí oorun wákàtí méjì sùn.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ má sọ fún obìnrin tí ọkọ ń lù pé kó lọ ṣe sùúrù. Ara tó ń gbọ̀n lójoojúmọ́ kò sí ní àlàáfíà. Ẹ kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìlàjà.

Ìkeje: Ẹ yé nàka sí àwọn àgbàlagbà. Kí o tó bèèrè ẹni tó ń ṣe ọ́ lóde, bi ara rẹ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá rẹ.

VII. ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo délé, mo jókòó lórí ẹní, mo ní, "Ìyá Ṣadé, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo kó o jẹ. Èmi ni mo ṣẹ̀." Kò dáhùn. Ọjọ́ kejì kò dáhùn. Ọjọ́ kẹta, ó gbé omi kaná fúnra rẹ̀, ó gbé e wá síwájú mi, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ na ẹsẹ̀ yín síbí." Mo sunkún.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó bu omi fún mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Títí tó fi kú, kò bi mí.

Egbò náà jinná. Mi ò ní sọ pé ìlàjà nìkan ló wò ó, nítorí mo ń lo oògùn, mo sì ń lọ wẹ̀ ẹ́ déédéé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí sùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ Ẹ̀KỌ́

1. Kí ni iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín ìdágìrì kékeré àti ìdààmú tó pẹ́?
3. Kí ni wọ́n rí lára tọkọtaya 42 ní 2005?
4. Egbò kan kò jinná. Sọ ohun mẹ́ta tó lè fà á. Níbo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ?
5. Ta ni ìwọ kò tíì bá sọ̀rọ̀ láti oṣù kan sẹ́yìn? (Má dáhùn èyí láàrín ẹgbẹ́. Lọ dá a lóhùn nílé.)

ÀDÚRÀ: Olúwa, fi àlàáfíà Rẹ sí inú yàrá wa, kó tó hàn lára aṣọ wa. Kọ́ ahọ́n wa ní ọ̀rọ̀ tó ń wonisàn. Ran àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́, kí o sì dárí jì wá nítorí àwọn tí a fi ẹ̀sùn èké kàn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.